Ọkọ̀ Alhaja Tí A Gbé Sókè

Bí ẹ bá dé Vai Town ní Monrovia, nílẹ̀ Liberia, tí ẹ bèèrè Mùkáílà mẹkáníìkì, wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé èwo nínú wọn. Ẹ sọ pé Mùkáílà ọkọ Nurat. Kíá ni wọ́n á mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin tó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, tó mọ inú ẹ́ńjìnnì bó ṣe mọ inú àpò ara rẹ̀, orúkọ ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó nídìí.

Ìdí náà ni Bàbá Bámgbóṣé. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Òun ló kọ́ Mùkáílà níṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló mú un wá sí Monrovia nígbà tí ogun ibẹ̀ ti parí, òun náà ló tún fa Nurat, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá wá di àna. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí àna ń jẹ́ nílẹ̀ wa, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ń le bọ̀ nìyẹn. Ọ̀gá lásán, èèyàn lè bá a jiyàn lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn. Àna ńkọ́? Ibi tí o bá ti pàdé àna rẹ, ibẹ̀ ni wàá ti dọ̀bálẹ̀, ì báà jẹ́ inú epo ọkọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì, Bàbá pe Mùkáílà wọ ìyẹ̀wù. Ó ní, "Ohun tó tọ́ sí Nurat, òun ni kó o fún un. Tèmi, mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Má jẹ́ kí ojú tì mí ní gbangba láyé."

"Láéláé, Bàbá," ni Mùkáílà wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ wo irú ẹ̀jẹ́ tí èèyàn ń jẹ́ nígbà tí ìyàwó wà nítòsí, tí ìrẹsì sì ń ta sánsán ní yàrá kejì.

Bàbá Bámgbóṣé kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Ó ń fúnni jẹ, ó ń sin òkú ẹni tí kò ní ẹbí nítòsí, kò sì sí ọmọ Yorùbá kan tó dé ìlú yẹn láìmọ ẹnikẹ́ni tí kò tíì sùn sí pálọ̀ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í tún iṣẹ́ rẹ̀ wí níwájú oníbàárà. Túnjí, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan, dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Bàbá, bẹ́líìtì yìí kọ́ ló bá a mu o." Bàbá kò bá a jà. Ó nu ọwọ́, ó wọlé, kò sì tún bá Túnjí sọ gbólóhùn kan mọ́ títí ọmọ yẹn fi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ fúnra rẹ̀. Ọdún kẹfà rèé. Bí Túnjí bá kí i ní mọ́ṣáláṣí títí di òní, àwọn ẹlòmíràn ló ń bá a dáhùn.

Láti ìgbà ààwẹ̀ tó kọjá, Bàbá bẹ̀rẹ̀ àṣà tuntun kan. Bí o bá gbé nọ́ọ̀tì fún un, kò ní wò ó. Àtàǹpàkò ló máa fi yí ẹnu rẹ̀ ká, á ní, "Sípánà mẹ́tàdínlógún," mẹ́tàdínlógún náà ló sì máa jẹ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á hó yèè. Wọ́n ní ọ̀gá ti kọjá ẹni tó ń fojú ṣiṣẹ́. Ó tún fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀, ó ní oòrùn Monrovia ti pọ̀ jù fún àgbà. Mùkáílà náà bá wọn pàtẹ́wọ́. Kò rò ó jìnnà.

Ibi tí nǹkan wà nìyí nígbà tí Alhaja Hajarat dé.

Ẹja gbígbẹ àti epo pupa ni Alhaja ń tà, ẹnu rẹ̀ sì pọ̀ ju ọjà rẹ̀ lọ. Lọ́dún tó kọjá, omi òjò ká a mọ́ ojú ọ̀nà Caldwell, ó ya wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, àpò ẹja gbígbẹ mọ́kànlá sì tún padà di ẹja tútù. Ó búra pé omi kankan kò ní bá òun ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù rẹ̀ tuntun jáde ní èbúté Freeport, ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin tó ní àyè ẹrù lẹ́yìn, kò tiẹ̀ gbé e dé ilé. Ṣọ́ọ̀bù Bàbá ló gbà lọ tààrà.

"Bàbá Nurat, ẹ bá mi gbé e sókè. Mo fẹ́ kó ga débi pé àwọn tó bá jókòó sínú kẹ̀kẹ́ á máa gbójú sókè wò mí bí ẹni ń wo òṣùpá!"

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ ẹ?"

"Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni o. Mo ti bá àwọn àlùfáà sọ ọ́, wọ́n ń bọ̀ wá ṣe àdúà sí i."

"Kò sí wàhálà. Jímọ̀ náà ni."

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gbé ọkọ̀ sókè. Èkíní ni kí wọ́n pààrọ̀ sípíríǹgì àti àwọn irin ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ọkọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ga. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ nìyẹn. Èkejì ni kí wọ́n tú bọ́dì ọkọ̀ kúrò lórí ṣáàsì, ìyẹn irin gígùn méjì tí gbogbo ọkọ̀ jókòó lé, kí wọ́n ki pípù irin kéékèèké sáàárín wọn, kí wọ́n sì fi nọ́ọ̀tì gígùn dè é padà. Ọkọ̀ á ga lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí obìnrin tó wọ bàtà gogoro ló rí: ẹsẹ̀ kò gùn sí i, orí nìkan ló jìnnà sílẹ̀. Bó bá yà lójijì, á fẹ́ dojú dé. Bó bá kọlu nǹkan, àwọn nọ́ọ̀tì gígùn yẹn lè já, kí bọ́dì máa bá tirẹ̀ lọ kí ṣáàsì dúró sẹ́yìn. Bọ́ńpà rẹ̀ kò ní bá bọ́ńpà ọkọ̀ ẹlòmíràn mọ́, ojú èèyàn ló máa bá. Gbogbo rẹ̀ ni Mùkáílà mọ̀. Bàbá náà mọ̀ ọ́n, òun ló ṣáà kọ́ ọ.

Lẹ́yìn tí Alhaja lọ, Mùkáílà rọra ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò rò pé sípíríǹgì ló yẹ ká ṣe?"

"Jímọ̀ ló sọ."

"Ká bẹ̀ ẹ́ kó sún un síwájú, sà."

"Mo ti gbà fún un níwájú èèyàn, Mùkáílà."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Wọ́n gé àwọn pípù náà ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tó le ju ìyókù lọ. Ara bọ́dì ni sítíárìn tí awakọ̀ ń yí wà. Ara ṣáàsì ni ohun tó ń darí táyà wà. Ọ̀pá irin kan ló so méjèèjì pọ̀, abala méjì sì ni ọ̀pá náà, ọ̀kan wọ inú èkejì. Bí bọ́dì bá ti ń ga, ọ̀pá ń fà, abala inú á máa yọ jáde. Ó yẹ kí wọ́n fi irin mìíràn kún un kó lè gùn tó. Bàbá ní ọwọ́ ara òun lòun máa fi ṣe ti ibẹ̀, kí Mùkáílà lọ kọjú sí àwọn nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn. Ní ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì, Bàbá jáde lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú epo lára fìlà, ó ní, "Ó ti wọlé. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ró."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n ṣe sàárà ọkọ̀. Àkàrà wà, omi tútù wà, àlùfáà mẹ́ta wà níkàlẹ̀. Ọkọ̀ dúró láàárín wọn, ó ga fíofío, ó ń dán. Mùkáílà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti mú sípánà kan tó gbàgbé síbẹ̀, ibẹ̀ lojú rẹ̀ ti bọ́ sára ọ̀pá sítíárìn. Kò sí irin kankan tí wọ́n fi kún un. Abala inú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ tán pátápátá. Ohun tó kù nínú èkejì kò ju ìwọ̀n èékánná kan lọ, nọ́ọ̀tì tó sì yẹ kó dè wọ́n pọ̀, ẹ̀gbẹ́ ló gbà kọjá, kò di nǹkan kan mú.

Mùkáílà fẹ́ pariwo. Ó gbójú sókè, ó rí Bàbá nínú agbádá funfun, ó rí Alhaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rí ará ilé àti ará ọjà tí wọ́n tẹ́ ọwọ́ fún àdúà.

"Mùkáílà!" Bàbá ké sí i lójú gbogbo wọn. "Sọ fún Alhaja níwájú àwọn èèyàn yìí. Ṣé iṣẹ́ yìí pé àbí kò pé?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ fẹ́ kó sọ? Bí ẹ bá ní ẹ̀yin ì bá sọ òótọ́, mo gbọ́, ẹ ò tíì ní irú àna yẹn ni. Ojú Túnjí kọjá lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú ìyẹ̀wù kọjá lọ́kàn rẹ̀.

"Ó pé, sà."

"Àmín!" ni gbogbo wọn dáhùn, bí ẹni pé àdúà ló ṣe. Wọ́n bu àkàrà fún un, ó jẹ ẹ́.

Èrò rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kejì òun á wá ọgbọ́n dá, òun á tún un ṣe lábẹ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Alhaja ti kọrí sí Ganta, ó lọ ra epo. Ọ̀nà jíjìn ni Ganta, ó ní kòtò, ó sì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Gbogbo ọjọ́ yẹn ni Mùkáílà fi ń gbọ́ orúkọ Alhaja lẹ́nu àwọn tí kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ padà dé láìfarapa, ó wọ ilé ìwẹ̀, ó sunkún.

Láti ìgbà yẹn ló ti há. Iwájú kò ṣe é lọ, ẹ̀yìn kò ṣe é padà sí. Bó bá sọ fún Alhaja, gbogbo Vai Town á gbọ́ ọ kí Alhaja tó mí tán, ojú á sì ti Bàbá ní gbangba. Bó bá sọ fún Bàbá, á dà bí ẹni pé ó pe àna rẹ̀ ní òpùrọ́, òun alára sì ńkọ́? Ta ló ní iṣẹ́ pé? Bó bá dákẹ́, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, èèyàn sì wà nínú rẹ̀.

Síbẹ̀ ó gbìyànjú. Lọ́jọ́ kẹrin, Bàbá ń jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, Mùkáílà lọ lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. "Bàbá, sítíárìn ọkọ̀ Alhaja yẹn, ó wù mí ká tún yẹ̀ ẹ́ wò."

Ṣíbí Bàbá dúró. "Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan, sà. Mo kàn ní..."

"Ṣé ohun tó o fẹ́ sọ ni pé ojú mi fọ́?"

Ó sọ ọ́ kíkankíkan, ó lu tábìlì, omi dànù. Mùkáílà ti dọ̀bálẹ̀ kó tó mọ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Kò sí irú ẹ̀ lọ́kàn mi." Bó ṣe ń jáde, ohun kan dá a lójú: Bàbá mọ̀. Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é nítorí Jímọ̀, ó sì fẹ́ kí òun bá a bò ó mọ́lẹ̀. Inú bí i sí àna rẹ̀, kò sì rí nǹkan kan fi ìbínú náà ṣe ju kó máa fọ sípánà tí kò dọ̀tí lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó lọ bá Amos, ọmọ Liberia kan tó ń gbẹ́ irin lẹ́yìn Freeport. Ó ní kó bá òun gbẹ́ irin tí wọ́n fi ń kún ọ̀pá sítíárìn, ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Amos gbẹ́ ẹ, ó mọ́, ó gún régé. Mùkáílà fi àkísà wé e, ó sì gbé e sápò ṣòkòtò. Iṣẹ́ wákàtí kan péré ló kù. Ṣùgbọ́n níbo ni kó ti ṣe é? Ọkọ̀ yẹn kì í wọ ṣọ́ọ̀bù àfi níwájú Bàbá. Bó bá lọ tú u nílé Alhaja, Alhaja á bèèrè ohun tó bàjẹ́. Ó fóònù Joel, awakọ̀ Alhaja, ó ní kó gbé ọkọ̀ wá sí ẹ̀yìn ọjà kí òun fi gíríìsì sí i lọ́fẹ̀ẹ́.

"Lọ́fẹ̀ẹ́?" Joel bú sẹ́rìn-ín. "Mẹkáníìkì wo ló ń ṣe nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́? Kí lẹ bà jẹ́ níbẹ̀?"

Mùkáílà bá a rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù, kò pè é mọ́.

Irin náà wà lápò rẹ̀ láàárọ̀, ó wà níbẹ̀ lálẹ́. Bó bá tẹ̀ láti rúkúù lórí ìrun, irin á gbá a nítan. Lọ́jọ́ kan ó dúró ní ìkóríta, ọkọ̀ Alhaja ń bọ̀, Joel tẹ bíréèkì, gbogbo òkè ọkọ̀ tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ kí àgbà. Ibi tí bọ́ńpà dúró sí, iwájú ojú obìnrin kan tó wà nínú kẹ̀kẹ́ ni. Obìnrin náà kígbe. Alhaja yọrí lókè, ó ń juwọ́. "Mùkáílà! Ọlọ́run á bù sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ o! Omi ò kàn mí mọ́!"

"Àmín, Alhaja," ni Mùkáílà wí.

Nurat kì í ṣe afọ́jú. Ó ń fọ aṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yọ irin yẹn nínú àpò. "Bàbá Azeemah, kí lẹ gbé sápò láti ọjọ́ yìí tó ń fa ṣòkòtò yín ya?"

"Irin iṣẹ́ ni."

"Ẹ kì í jẹun tán mọ́. Ẹ kì í bá Azeemah ọmọ yín ṣeré mọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ o."

Mùkáílà la ẹnu. Ó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ojú Bàbá gan-an ni, àgbọ̀n kan náà. Bó bá sọ ọ́ fún un, a jẹ́ pé òun ti fa ọmọ sáàárín ọkọ àti baba. Ó ní, "Iṣẹ́ ló pọ̀." Ó sì gba irin rẹ̀ padà.

Ọmọ Alhaja tó ń gbé ní Caldwell wá bímọ ọkùnrin. Alhaja ní ilé Bàbá Bámgbóṣé kò ní wọ ọkọ̀ èrò lọ sí ìsọmọlórúkọ náà, ọkọ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe ló máa gbé wọn. Ní àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ kejìlélógún lẹ́yìn sàárà, ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Joel ló ń wà á. Bàbá jókòó síwájú, Alhaja àti Nurat wọ ẹ̀yìn. Azeemah, ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ bàtà pupa tí wọ́n rà fún un nítorí ọjọ́ náà, ó sì ń fò sókè kí wọ́n gbé òun wọlé, nítorí ọkọ̀ ga jù ú lọ.

"Bàbá," ni Mùkáílà wí, "ẹ jẹ́ kí èmi àti Nurat àti Azeemah wọ kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé yín. Àyè á gbà yín dáadáa."

Bàbá yí ọrùn. "Ọkọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe. Ìwọ àna mi, wàá wọ kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e, lójú Alhaja?"

"Ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́," Nurat rọra ní. "Ẹ má ṣe èyí lónìí."

Ó wọlé. Ẹ bá mi wò ó. Ó gbé ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó sì wọlé. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn, wọ́n gbé gíláàsì sókè nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, ó sì di pé kò gbọ́ ariwo òde mọ́ àfi ẹ̀mí ara rẹ̀.

Inú Azeemah dùn. "Bàbá mi, mò ń rí òrùlé kẹ̀kẹ́!" Ọkọ̀ ń mì lọ sọ́tùn-ún, ó ń mì bọ̀ lósì. Mùkáílà kò wo ìta. Ọwọ́ Joel lórí sítíárìn ló ń wò. Joel á yí i, táyà á pẹ́ díẹ̀ kó tó gbọ́. Bí wọ́n ṣe sún mọ́ Freeport, tírélà kọ̀ńténà tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ bẹẹrẹ. Ọ̀kan ṣàdédé yọ orí jáde. Joel yà fún un, gbogbo òkè ọkọ̀ sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Alhaja kígbe pé, "Subhanallahi!" kó tó tún dìde dúró.

"Papay," Joel wí fún Bàbá, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ọkùnrin níbẹ̀, "ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yí i kó tó gbọ́."

"Ọkọ̀ tuntun ni. Máa lọ."

Mùkáílà fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Orí Azeemah wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó ń gbóòórùn òróró tí ìyá rẹ̀ fi pa á lórí. Táyà iwájú kó sínú kòtò. Kò! Irin kan ró lábẹ́. Kò sẹ́ni tó kà á sí nínú wọn. Mùkáílà mọ ohun tó ró.

"Joel, dúró! Tẹ bíréèkì! Mo ní kó o dúró!"

Joel tẹ̀ ẹ́, ó sì tún gbìyànjú láti yà, sítíárìn sì yí gbirigbiri lọ́wọ́ rẹ̀ láìdarí nǹkan kan. Ọkọ̀ fà lọ tààrà, ó dúró. Ìdí tírélà kan ló wà níwájú wọn, irin rẹ̀ sì wà ní déédéé gíláàsì, kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ sí ojú Bàbá. Bọ́ńpà tiwọn ti wọ abẹ́ rẹ̀. Azeemah bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Mùkáílà gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó bẹ́ sílẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn onítírélà àti àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní Freeport ti yí wọn ká, ìdajì wọn ló mọ Bàbá. Ó na ìka méjì, ó di ọ̀pá sítíárìn mú, ó sì fà á. Ó bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Hẹ̀n-ẹ́n!" ni gbogbo wọn ṣe.

Bàbá ti sọ̀kalẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bọ̀. "Mùkáílà. Kí lo fi ń dójú tì mí láàárín èèyàn báyìí?"

"Bàbá, ẹ wò ó." Gbogbo ìbínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ wò ó fúnra yín!"

Bàbá tẹ̀ síwájú. Ó wò ó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀pá ló ń wò, bátìrì ló ń wò, ó sì tẹjú mọ́ ọn gan-an. "Kí ni kí n wò?" ó bèèrè.

Ìgbà náà ló tó yé Mùkáílà. Ó mú ọwọ́ àna rẹ̀, ó gbé e lé ẹnu ọ̀pá náà. Àtàǹpàkò Bàbá yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i ká. Ó wá ihò nọ́ọ̀tì, ó rí i pé kò sí ohun tó wọ̀ ọ́ rí.

"Èmi ni mo ṣe èyí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Mo gbọ́ ọ bó ṣe ró." Alhaja Hajarat alára dákẹ́, ẹ lè fi ìyẹn mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. "Láti ìgbà ààwẹ̀ ni, Mùkáílà. Gbogbo nǹkan dà bí èéfín lójú mi. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ ni mo fi ṣe ojú. Mo ní bí mo bá ṣì í, ìwọ á rí i. Kí ló dé tí mo fi pè ọ́ níwájú gbogbo èèyàn tí mo ní kó o sọ, ṣé ó pé àbí kò pé?"

Mùkáílà ki ọwọ́ bọ àpò, ó tú àkísà, ó gbé irin Amos lé àtẹ́lẹwọ́ àna rẹ̀. Ó rò pé ìyẹn á bá òun sọ díẹ̀ nínú ohun tí òun kò lè sọ.

Bàbá fi àtàǹpàkò yí i ká. "Ó dára. Ó bá a mu. Ìgbà wo lo ṣe é?"

"Ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn, sà."

"Ọjọ́ mẹ́jọ." Ó di irin náà mú ṣinṣin. "Ó wà lápò rẹ lónìí, nígbà tó o gbé Azeemah lé ẹsẹ̀?"

Nurat wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ. Ó dúró de ìdáhùn ọkọ rẹ̀, ó dúró dáadáa, ìdáhùn kò sì wá. Ó bá gbé Azeemah sílẹ̀, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó sì kúrò láàárín èrò.

Bàbá rọra jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, pẹ̀lú agbádá lọ́rùn. Ó na irin náà padà fún Mùkáílà. "Fi sí i. Bó o bá ṣe tán, kó o mú mi lọ́wọ́ lọ sílé. Mi ò lè dá ọ̀nà yìí rìn."

Mùkáílà gba sípánà lọ́wọ́ Joel, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Láti ibẹ̀ ó rí ẹsẹ̀ Nurat àti bàtà pupa Azeemah, wọ́n ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tírélà, wọ́n kọjú sí ọ̀nà Vai Town. Ó gbé irin sí àyè rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì í.